Kùdírátù àti Jímọ́ọ̀ Lórí Ìwọ̀n

Oṣù kan náà ni ìyàwó méjèèjì bí ní agbo ilé Alfa Abdulmumini ní Pákátá. Àbẹ̀ní, ìyàwó Àdìsá, ló kọ́kọ́ bí ọkùnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jímọ́ọ̀ nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ ló wáyé. Wọn kò tíì jẹ ẹran súnà ìsọmọlórúkọ rẹ̀ tán tí Hàjàrá, ìyàwó Àkànbí, fi bí obìnrin, wọ́n sọ ìyẹn ní Kùdírátù. Ọmọ ìyá kan náà ni Àdìsá àti Àkànbí. Hàlímọ̀tù ló bí àwọn méjèèjì fún Alfa, nítorí náà òun ni ìyá ọkọ fún ìyàwó méjèèjì, òun náà sì ni ìyá àgbà fún ọmọ méjèèjì. Ayọ̀ rẹ̀ kún. Kò sí ẹni tó yà kí i níbi tó ti ń rànwú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò gbọ́ pé Ọlọ́hun fi méjì kẹ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ méjì tí wọ́n bá jọ wáyé, ojú aráyé kò ní ṣàì fi wọ́n wéra. Jímọ́ọ̀ sanra. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́po bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í, ẹni tó bá sì pọ̀n ọ́n pẹ́, ẹ̀yìn á dun onítọ̀hún. Kùdírátù ní tirẹ̀ kò ju ìdì òwú kan lọ. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa ọmú bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, àmọ́ ó kéré. Àlejò tó bá wọlé, Jímọ́ọ̀ ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. "Máàṣáláhù! Ọmọ rèé o!" Bó bá wá yíjú sí Hàjàrá, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀. "Ìyá Kùdírátù, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́hun á wò ó." Bí ìgbà tí wọ́n ń kí aláìsàn.

Àbẹ̀ní kì í ṣe ìkà, àmọ́ ó fẹ́ràn ìyìn. Bó bá ti ń fi òrí pa ọmọ rẹ̀ lára lójú gbogbo ilé, á ní, "Omi ọmú yàtọ̀ sí omi ọmú. Ti ẹlòmíràn ṣàn bí omi kànga. Tèmi ki bíi wàrà." Hàjàrá á gbọ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ àwọn amọ̀kòkò ní Dàda ni, obìnrin kékeré tí orí rẹ̀ kò ga kọjá èjìká Àbẹ̀ní. Kò lẹ́nu. Hàlímọ̀tù fúnra rẹ̀ gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀lẹ díẹ̀ ló wà nínú àìlẹ́nu náà.

Oṣù ń lé oṣù, Kùdírátù kò sanra, ọkàn ìyá àgbà kò sì balẹ̀ mọ́. Ó ti sin ọmọ rí kó tó rí Àdìsá gbé jó, ó sì mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tún se àgbo, ó po ògì tó ki, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ Kùdírátù sórí itan, ó ká ọwọ́ òsì sí i lẹ́nu bí àwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ògì sí i. Ọmọ ń japá, ó ń jasẹ̀, ògì ń gba imú rẹ̀ jáde. Bí ó ṣe rọ Àkànbí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe rọ òun náà nìyẹn.

Hàjàrá sáré láti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Kí n dúró de kí ni?"

"Wọ́n ní obìnrin kan wà ní ilé oògùn òyìnbó, lọ́nà ibi tí rélùwéè ń dúró sí. Ó máa ń wọn ọmọ."

"Ó máa ń ṣe kí ni?"

"Ó máa ń wọn wọ́n, Ìyá. Ó ń gbé wọn sórí ìwọ̀n, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ń dàgbà tàbí wọn ò dàgbà."

Àbẹ̀ní bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Hàlímọ̀tù gbé igbá ògì kalẹ̀. "Ṣé ẹran ni ọmọ mi ni, tí wọ́n á fi gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n? Ojú lèmi fi ń wọn ọmọ, Hàjàrá. Ojú mi sì ti wọn tìrẹ."

"Ẹ̀yin lẹ lọmọ, Ìyá. Ohun tí ẹ bá sọ labẹ gé. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ògì gba imú rẹ̀, títí di ọjọ́ kejì ló fi ń wúkọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àìsàn ló ń ṣe é."

Ohun tó ya Hàlímọ̀tù lẹ́nu ni pé Hàjàrá kò dìde. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, omi lé sí i lójú, àmọ́ orí eékún rẹ̀ ló wà digbí, bí ẹni pé wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Alfa Abdulmumini gbọ́ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú, ó sì dáhùn láìdìde:

"Hàlímọ̀tù, ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bá a lọ. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi sí ọmọ lẹ́nu, kí ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìwọ̀n tí ẹ sì ń sọ, ó wà nínú Àlùkùránì. Ọlọ́hun ní ká má ṣe dín in kù."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn.

Obìnrin tó ń wọn ọmọ náà ń jẹ́ Ládi. Ọmọ Bídà ni, ó ga, ó wọ aṣọ funfun, Yorùbá rẹ̀ sì dán mọ́rán àfi bó ṣe máa ń tẹ ìparí ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Hàlímọ̀tù kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó béèrè àlàáfíà ilé àti ti àwọn ọmọ kéú, inú ìyá àgbà sì rọ̀ díẹ̀. Ó wá bọ́ Kùdírátù sí ìhòhò, ó tẹ́ aṣọ sínú abọ́ irin tó wà lórí ìwọ̀n, ó tẹ́ ẹ sí i, ó sì fi ọwọ́ lé àyà rẹ̀ títí ọmọ fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ewé káàdì kan jáde. Ìlà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń gun òkè lọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ọ̀nà mẹ́ta tó ń gun Òkè Sóbí. Ládi fi kálámù tọ́ àmì dúdú kan bí ojú abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ìsàlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká ní a kó ọgọ́rùn-ún ọmọ jọ, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́ Kùdírátù. Ká wá tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ìdí igi ọ̀ún, èyí tó fúyẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó wúwo jù nídìí igi. Ipò kẹwàá láti ẹnu ọ̀nà ni Kùdírátù máa wà. Àwọn mẹ́sàn-án fúyẹ́ jù ú lọ. Gbogbo àwọn yòókù wúwo jù ú."

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ni Hàlímọ̀tù wí. "Àìsàn ni."

"N kò tíì wí bẹ́ẹ̀, Ìyá. Níbi tí ènìyàn bá tò sí, ẹnì kan kò ní ṣàì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan kò sì ní ṣàì wà ní ìparí. Ibi tí ọmọ dúró sí nínú ìtò kò sọ fún mi bí ara rẹ̀ ṣe rí. Bó ṣe ń rìn ló máa sọ fún mi. Ẹ gbé e padà wá bí oṣù bá lé." Ó wo Hàjàrá láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyá tó bí ìwọ ńkọ́? Ṣé ó ga?"

"Bí mo ṣe rí yìí ló rí," ni Hàjàrá dáhùn.

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Hàlímọ̀tù kò fẹ́ràn ìrìn náà, oòrùn ń pa á, àmọ́ kò jẹ́ kí Hàjàrá dá lọ. Ní gbogbo ìgbà, Ládi á tọ́ ojú abẹ́rẹ́ tuntun sí káàdì, á sì fa ìlà láti èyí tó kọjá dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó pe ìyá àgbà súnmọ́ tòsí.

"Ẹ wò ó. Ipò kẹwàá náà ló ṣì wà. Kò kọjá síwájú, kò sì fà sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ wo bí ìlà rẹ̀ ṣe ń bá ìlà ìsàlẹ̀ gun òkè lọ, bí ẹni méjì tí wọ́n jọ ń ná ọjà Gàmbàrí. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyí, Ìyá, ó sì ń rìn ín dáadáa. Ọmọ tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó bá kúrò lọ́nà ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìdí igi ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ọmọ wé ọmọ. Òní rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi wé àná rẹ̀."

Hàlímọ̀tù wo ìlà náà títí. Ohun kan là án lójú. "Ṣé ẹ̀yin náà mọ ìyẹn?"

"Kí ni, Ìyá?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí." Ó ká aṣọ Kùdírátù sókè, ó fi ìka ti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà nídìí ọmọ náà. "Bí ó bá ń há, tí à ń tú u, tí à ń sin òmíràn kún un, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Bí ó bá dẹ̀, tó ń yọ̀ wálẹ̀ sórí itan, ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú kan oorun. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ kan kò sì mọ nǹkan kan nípa ìdí ọmọ mìíràn."

Ládi pàtẹ́wọ́. "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ!" Ó ní kó fi bí wọ́n ṣe ń sin ín han òun, àti iye ààyè tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó máa gbé sórí ìwọ̀n tí kò ní kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé, Hàlímọ̀tù ń rò ó. Ọwọ́ òun kan náà ló ti ń tú ìlẹ̀kẹ̀ Kùdírátù tó ń sin kún un láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Ojú rẹ̀ tí kò kúrò lára Jímọ́ọ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń wí. Láti ìgbà náà ni kò ti rọ Kùdírátù mọ́.

Ìròyìn ìwọ̀n dé etí Àbẹ̀ní, ó ní òun náà á lọ. Ó wẹ Jímọ́ọ̀, ó lé e ní tìróò, ó sì pọ̀n ọ́n gba àárín ọjà kọjá. Ọjọ́ náà dùn fún un. Ìwọ̀n jìn wọnú, ojú abẹ́rẹ́ bọ́ sí ìlà òkè, àwọn ìyá tó jókòó sì hó yèè. "Ìdí igi ni tèmi wà," ni Àbẹ̀ní ń sọ káàkiri ilé. "Ìdí igi pátápátá!"

Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ìlà kò gòkè. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó já wálẹ̀. Ládi béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ, Àbẹ̀ní sì fa ojú ro. Ó ní ojú ti pọ̀ jù lára ọmọ òun níbẹ̀, òun kò ní lọ mọ́. Hàlímọ̀tù gbọ́, àmọ́ kò kà á sí. Ó wo Jímọ́ọ̀, ó wo Kùdírátù, Jímọ́ọ̀ ṣì fi ìlọ́po tóbi jù ú. Kí ló kù tí ènìyàn ń wá?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó ń ká òwú rẹ̀ jọ nígbà tó gbọ́ ohùn Hàjàrá nínú yàrá Àbẹ̀ní. Ògiri kan ló wà láàrin òun àti wọn.

"Ìyá Jímọ́ọ̀, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé Jímọ́ọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ládi."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Ara rẹ̀ kò yá. Kì í rákò wá bá Kùdírátù mọ́. Ibi tí ẹ bá gbé e kà ni ẹ ó ti bá a. Ìgbà tí ìlà rẹ̀ já wálẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ."

"Ìwọ ń ṣọ́ ọmọ mi?" Ohùn Àbẹ̀ní ga. "Gbé tìrẹ wá ká gbé e tì í! Ta ló tóbi jù nínú wọn?"

"Jímọ́ọ̀ ni. Ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i nìyẹn. Ẹni tó wà lókè ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gòkè, wọ́n á pàdé lọ́nà. N kò fẹ́ kí wọ́n pàdé, Ìyá Jímọ́ọ̀."

"Ẹ gbà mí o!" Igbe náà gba gbogbo agbo ilé. "Ará ilé, ẹ gbà mí! Hàjàrá ń fi ojú burúkú wo ọmọ mi! Ìlara ló ń pa á!"

Àwọn obìnrin jáde láti ìyẹ̀wù gbogbo. Kí Hàlímọ̀tù tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti kún ibẹ̀, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń mi orí sí Hàjàrá. Orí eékún ni Hàjàrá wà. Ó kàn ń wo Jímọ́ọ̀, tó jókòó sórí ẹní, tí kò tilẹ̀ sunkún sí gbogbo ariwo náà.

Àìsunkún yẹn ló kọ́kọ́ já Hàlímọ̀tù láyà. Ó gbé ọmọ náà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ tó sin sí i nídìí fúnra rẹ̀, tó há mọ́ ọn dáadáa nígbà náà, yọ̀ wálẹ̀ láti ìbàdí, ó bọ́ sórí itan, ó sì dúró lórí orúnkún.

Hàlímọ̀tù yíjú sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ. Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù mi ni." Ó ti ilẹ̀kùn. "Àbẹ̀ní, kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

Àbẹ̀ní ṣe bí ẹni tó fẹ́ fèsì, ẹkún ló jáde. "Mo ti lóyún, Ìyá. Ọmọ ò tíì rìn, mo ti lóyún. Wọ́n ní ọmú aboyún a máa pa ọmọ, mo bá já a lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi ń tàn án. Mo ní kí ojú má tì mí. Kí wọ́n má bàa ní mi ò lè mú ara dúró títí ọmọ á fi rìn."

Hàlímọ̀tù jókòó. Kò bá a wí, nítorí òun náà mọ ẹnu àwọn obìnrin Pákátá. Ó yíjú sí Hàjàrá. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo fura, Ìyá. Mo rí i tó ń bì ní ẹ̀yìnkùlé."

"O kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni? Nígbà tó ń pè ọ́ ní onílara lójú gbogbo ilé, o kò sọ?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ."

Hàlímọ̀tù ti gbé láàrin àwọn ìyàwó ilé láti ìgbà tí òun náà ti jẹ́ ìyàwó. Ó mọ iye èébú tí obìnrin lè gbé mì, ó sì mọ̀ pé bí ìdáhùn bá wà lẹ́nu, mímì rẹ̀ a máa há ni lọ́nà ọ̀fun. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbá ti dójú ti Àbẹ̀ní lójú ayé. Obìnrin kékeré yìí ní i lẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé. Òun ló pe ìyẹn ní ọ̀lẹ! Ojú ti ìyá àgbà, àmọ́ ìwúrí rẹ̀ ju ìtìjú lọ.

Ọ̀la ọjọ́ náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ọmọ méjèèjì dé ọ̀dọ̀ Ládi. Ládi kò jágbe mọ́ Àbẹ̀ní. Ó ní ọmú aboyún kì í ṣe májèlé, àmọ́ èyí tó ti gbẹ ti gbẹ. Ẹ̀kọ tútù nìkan ń kún ikùn ni, kò kọ́ ara. Kí wọ́n máa fún Jímọ́ọ̀ ní ẹyin, ẹja tí wọ́n gún kúnná, ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, ẹ̀pà. "Ìbá sì dára bó bá ṣì lè rí ọmú mu," ni ó fi kún un. Ó mí kanlẹ̀.

"Tèmi wà níbẹ̀," ni Hàjàrá wí.

Àbẹ̀ní, tó pe ọmú náà ní omi kànga, fi gèlè bo ojú rẹ̀.

Nílé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Alfa lọ, nítorí kì í ṣe ohun tí obìnrin lè dá ṣe. Alfa pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì pe Hàjàrá. "Ṣé o mọ̀ pé bí Jímọ́ọ̀ bá mu ọmú rẹ ní àmuyó, ọmọ rẹ ló dà? Ọmọ ìyá ni òun àti Kùdírátù nìyẹn, ní ojú ẹ̀sìn, títí ayé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ó ti jẹ́ ọmọ mi tẹ́lẹ̀."

Àkànbí wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Àdìsá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, nígbà tó sì dìde, ó kọjú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ṣàdúà fún un títí Alfa fi ní ó tó.

Iṣẹ́ kò rọrùn. Jímọ́ọ̀ kọ́kọ́ yíjú kúrò, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fa ọmú. Hàjàrá á fún omi rẹ̀ sí i létè, á kọrin sí i létí, á tún gbìyànjú. Lọ́jọ́ tó gbà á, tó dì í mú gírígírí, Kùdírátù tó wà lápá kejì fi ẹsẹ̀ ta á nípàá, Hàjàrá sì rẹ́rìn-ín débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Hàlímọ̀tù nítorí Kùdírátù, ó ń ronú pé bóyá ọmú ìyá kan kò ní tó ọmọ méjì. Ó gbé òwú tì. Òun fúnra rẹ̀ ń se gbẹ̀gìrì fún Hàjàrá, ó ń ṣa egungun kúrò nínú ẹja fún un, ó ń jókòó tì í títí á fi jẹun tán. "Jẹ ẹ́," á wí. "Ènìyàn mẹ́ta lò ń jẹ ẹ́ fún." Àbẹ̀ní ló ń pọnmi Hàjàrá, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀.

Bí oṣù bá lé, wọ́n á gbé àwọn méjèèjì dé orí ìwọ̀n. Ìlà Jímọ́ọ̀ dáwọ́ jíjá dúró ná. Lẹ́yìn náà ó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ń kù lókè, ó gbé orí sókè. Ti Kùdírátù kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ rárá. Ipò kẹwàá náà ni. Hàlímọ̀tù ní kí Ládi tún un wò, Ládi tún un wò, ó sì fa ìlà náà lójú rẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Àlùhámúdúlílà."

Jímọ́ọ̀ kò padà sí ìdí igi. Ibi àárín ló dúró sí, ó ń bá ìlà àárín lọ, Ládi sì ní ibẹ̀ náà dára. Kùdírátù ló kọ́kọ́ rìn nínú wọn. Ó kéré, ó yára, ó ń di ilẹ̀kùn mú káàkiri agbo ilé, Jímọ́ọ̀ ń rákò tẹ̀lé e.

Nígbà tí Àbẹ̀ní bí ọmọ inú rẹ̀, obìnrin ni. Ọjọ́ súnà pé, àwọn àlùfáà ti jókòó, ẹní ti wà nílẹ̀ fún ìyá ọmọ. Àbẹ̀ní kò jókòó. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní ẹnì kan kù. Ó bá ara rẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí Hàjàrá ti ń da iná sídìí ìkòkò, ó gba igi iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ wá sí àárín àwọn ènìyàn bó ṣe wà, tòun ti eérú lápá, ó sì mú un jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ẹnì kan láàrin àwọn àlejò béèrè lọ́wọ́ Hàlímọ̀tù pé ta ni obìnrin kékeré yẹn.

"Ìyàwó mi ni," ni Hàlímọ̀tù dáhùn. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì jókòó dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín."